Kírísítálì Tó Ń Tẹ̀, Tó sì Ń Tàn: Ṣé Yóò Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àwa Tó Ń So Fáíbà?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣómólú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń so, láti Yábàá títí dé Súrùlérè, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ti kírísítálì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, orí rẹ̀ méjèèjì sì ń tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé. Wọ́n ní sákíùtì ìmọ́lẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ dípò iná mọ̀nàmọ́ná, ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá mi ní irọ́ ni, pé gíláàsì ni kírísítálì, gíláàsì kì í sì í tẹ̀. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òótọ́ ni, pé tó bá ti wọ ọjà, iṣẹ́ fáíbà kú nìyẹn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Níbo sì ni iná inú rẹ̀ ti ń wá, tí n kò rí wáyà tàbí bátìrì lára rẹ̀? Ṣé kí n ti máa kọ́ iṣẹ́ mìíràn ni?”

Àbúrò mi, mo rí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù nínú ìbéèrè yìí. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́, tó tún fi owó ńlá ra ẹ̀rọ tó fi ń so fáíbà, kò ní fẹ́ gbọ́ pé nǹkan tuntun kan ń bọ̀ wá sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀: kírísítálì yìí kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Òótọ́ ni fídíò tó o rí. Ọ̀gá rẹ ṣì í, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gan-an ló jìnnà sí òótọ́ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba fídíò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ife olówó gọbọi tí wọ́n ń tà ní Balógun, tí wọ́n ń pè ní kírísítálì, ló da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ wa lójú. Gíláàsì ni ife yẹn. Nínú gíláàsì, àwọn átọ́mù wà ní wúruwùru bí èrò Ìdúmọ̀tà lọ́sẹ̀ ọdún. Nínú kírísítálì, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé tó wà lórí ìlà láàárọ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, tí àyè àárín wọn kò yí padà láti òpin kan dé èkejì. Iyọ̀ kírísítálì ni, ṣúgà kírísítálì ni, álọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Káfúrà tí àwọn ìyá wa ń fi sáàárín aṣọ òkè nínú àpótí, kírísítálì ni òun náà, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló sì pọ̀ jù nínú mólékù rẹ̀, ìyẹn ìdì átọ́mù tó so pọ̀. Ìdílé káfúrà yìí, ìyẹn àwọn kírísítálì tí mólékù wọn jẹ́ ti kábọ́ọ̀nù, ni èyí tó wà nínú fídíò rẹ ti wá. Jọ̀ọ́, fi káfúrà yìí sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀. Fáíbà tí ò ń so ní tirẹ̀, gíláàsì pọ́ńbélé ni. Ọ̀gá rẹ tó ní gíláàsì kì í tẹ̀ ń ká gíláàsì sínú àpótí lójoojúmọ́ ayé.

Kí ló wá dé tí ìgò fi ń fọ́ tí fáíbà sì ń tẹ̀? Títẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bí nǹkan bá tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, inú rẹ̀ á sì sún kì, bó bá sì ṣe nípọn tó ni ẹ̀yìn yẹn yóò ṣe nà tó. Gíláàsì inú fáíbà kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà lọ, ìyẹn 125 màíkírómítà. Bó o bá ká a sí òrùka tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nà ju bíi 6 nínú 1000 lọ, gíláàsì tí kò ní àpá lára sì lè fara da ìyẹn. Kírísítálì inú fídíò náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tàbí irun. Ṣùgbọ́n títẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Kírísítálì tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti fi ẹ̀mú kàn tó sì dá pẹ́ú kó tó tẹ̀ rárá kò lóǹkà. Bí àwọn mólékù inú rẹ̀ ṣe di ara wọn mú ló ṣe pàtàkì jù.

Títẹ̀ pín sí méjì. Bó o bá tẹ wáyà, ibi tó o tẹ̀ ẹ́ sí ló máa wà. Bó o bá tẹ pankẹ́rẹ́, ó di dandan kó o dì í mú, nítorí tó o bá ti fi í sílẹ̀, ó ti ta padà. Àwọn kírísítálì méjèèjì yìí wà. Nínú èyí tó ń ṣe bíi wáyà, àwọn mólékù tò ní ìpele ìpele, ìpele kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ di èkejì mú, nítorí náà wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn bí ewé ìwé tí ń yọ̀ tó o bá ká ìwé náà. Nínú èyí tó ń ṣe bíi pankẹ́rẹ́, wọ́n wọnú ara wọn bí ẹní tí a hun, kò sí ìpele tó lè yọ̀ lọ. Okùn tó so wọ́n pọ̀ rọ̀, ó sì wà ní gbogbo ìhà, ó ń nà díẹ̀, ó tún ń fà wọ́n padà sáyè wọn. Ní 2012, Soumyajit Ghosh àti C. Malla Reddy ní Íńdíà po káfíìnì pọ̀ mọ́ àsíìdì kan, káfíìnì tó wà nínú kọfí, tó sì wà nínú obì tí à ń jẹ. Kírísítálì tó jáde níbẹ̀ ń tẹ̀, ó sì ń ta padà láìní àpá. Ní 2018, àwọn kan ní Queensland, Ọsirélíà, ta kírísítálì tó ní bàbà nínú ní kókó bí ẹni ta okùn, wọ́n tú u, ó sì padà tọ́ gbọnrangandan. Ọmọ káfúrà tó ń ṣe bíi pankẹ́rẹ́! Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ẹni tó bá sọ pé irú rẹ̀ wà, àwọn olùkọ́ wa ì bá lé e jáde.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná, ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó o béèrè. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú kírísítálì náà tí wọn kò fi sí i. Lọ dúró ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó, kó o wo bí wọ́n ṣe ń fi tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò yẹ 100 dọ́là wò. Okùn inú owó náà á tàn yòò ní àwọ̀ píǹkì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bátìrì nínú owó. Ìmọ́lẹ̀ UV, tí ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ló bọ́ lé e. Àwọn mólékù gbé e mì, wọ́n ná díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ bí ooru, wọ́n wá tú ìyókù sílẹ̀ ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Nítorí náà, ohun tó ń jáde máa ń ṣaláìní agbára tó ohun tó wọlé: UV wọlé, àwọ̀ ewé jáde. Nínú fídíò rẹ, fìtílà UV tàbí lésà kan wà níbì kan tí kámẹ́rà kò kọjú sí. Kì í tún ṣe gbogbo mólékù tó ń tàn nínú omi ló ń tàn tó bá di líle. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ọ̀kan á gba agbára lọ́wọ́ èkejì títí gbogbo rẹ̀ á fi di ooru, iná á sì kú. Ní 2001, Ben Zhong Tang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong rí òdìkejì rẹ̀: mólékù tó dákẹ́ nínú omi, àmọ́ tó tàn nígbà tó kó ara rẹ̀ jọ. Láti ìgbà náà ni àwọn oníkẹ́místrì ti mọ̀ pé àwọn lè dìídì wá mólékù tí yóò tàn dáadáa nínú kírísítálì.

Kí ló dé tó jẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ló mọ́lẹ̀ jù, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀? Wá rúlà oníke aláwọ̀ tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn ọmọ ń rà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, èyí tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ń tàn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ kò tàn bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ inú rúlà náà gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó tú tirẹ̀ sílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ìmọ́lẹ̀ náà wá ń kan ògiri, ó ń padà, ó ń kan ògiri kejì, títí ó fi rí etí tó gbà á jáde. Ohun kan náà ló ń mú ìmọ́lẹ̀ rìn nínú fáíbà rẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé láti ìta lo ti ń ti ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, nígbà tí kírísítálì ń bí tirẹ̀ sínú ara rẹ̀, tó sì tún ń gbé e lọ fúnra rẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tí ìwọ tó ò ń so fáíbà yóò tètè lóye. O mọ̀ pé bó o bá tẹ fáíbà jù, tó o sì tan tọ́ọ̀ṣì pupa yẹn sí i, pupa náà á máa jò níbi tó ti tẹ̀. Ìdí ni pé gíláàsì àárín àti gíláàsì tó yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀ kò fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló yí kírísítálì ká ní tirẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn sì pọ̀ gan-an, nítorí náà ó lè gba ìtẹ̀ tó le ju ti fáíbà lọ kí ìmọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí n kò ní kó o máa bẹ̀rù? Ìwọ náà mọ dB, òṣùwọ̀n tí à ń fi ka ìmọ́lẹ̀ tó ṣòfò, tó jẹ́ pé 3 dB ni ìdajì. Jẹ́ ká jọ ṣírò. Fáíbà tó dára ń pàdánù nǹkan bíi 0.2 dB ní kìlómítà kan, fún ìmọ́lẹ̀ 1550 nánómítà tí ojú kò rí. Kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó ṣòfò, ó ti rin kìlómítà 15. Àdánù ti kírísítálì, mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á. Ká ní a rí èyí tó ń pàdánù 0.3 dB ní mìlímítà kan: ní sẹ̀ǹtímítà 1, ìdajì ti lọ. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti di 30 dB, ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ló kù. Kò lè gbé ìròyìn láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábàá láéláé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti abẹ́ òkun. O rántí oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ ní Èkó. Gíláàsì ni wọ́n fi tún un so, gíláàsì náà ni wọn yóò sì máa lò fún irú iṣẹ́ yẹn.

Díẹ̀ lára àdánù yìí wá láti ara àpá àti ìdọ̀tí ojú kírísítálì, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀. Mólékù tó mọ̀ ọ́n gbé mì ló wà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Bí àwọ̀ tó ń tú sílẹ̀ bá sún mọ́ àwọ̀ tó ń gbé mì, ara ìlú náà ni yóò jẹ ẹ́ kó tó dé ẹnu ibodè. Bó o bá tan UV sí orí kan, tó o wá wo orí kejì, wàá rí i pé àwọ̀ ibẹ̀ ti fà sí pupa díẹ̀, nítorí pé èyí tó sún mọ́ àwọ̀ aró ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá mólékù tí àlàfo àárín ohun tó ń gbà àti ohun tó ń tú sílẹ̀ fẹ̀. Irú wọn ni mo ti bá ṣiṣẹ́ jù. Kò ṣòro láti pò. Gbígbìn ín ló le. A ó pò ó sínú ẹ́tánọ̀, a ó fi fọ́ìlì bo ẹnu ife, a ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò díẹ̀ sí i, a ó sì dúró kí omi rẹ̀ máa fà lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú yàrá ìwádìí kan tí mo ti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Èkó, ẹ̀yìn fèrèsé wa ni jẹnẹrétọ̀ wà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti tan án, tábìlì á máa gbọ̀n, dípò kírísítálì gígùn mẹ́ta mẹ́rin a ó bá ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ ife. Oṣù méjì gbáko la fi gbin nǹkan tó yẹ ká rí lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tá a wá rí ọ̀kan tó gùn tó ìdajì èékánná, mo fi abẹ́rẹ́ méjì dì í mú lábẹ́ maikirosíkópù, mo tan UV sí i, mo rọra tì í. Ó tẹ̀. Orí rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ojú mi kún fún omi lọ́jọ́ náà.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ni ọ̀nà tí kò gùn ju mìlímítà lọ, nínú ṣíípù. Sílíkónì tí a fi ń ṣe ṣíípù mọ iṣẹ́ pọ̀, ó sì lè gbé ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí kọjá nínú ara rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ rárá. Bí ẹlẹ́nìní ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lésà lórí rẹ̀ ní láti fi ohun mìíràn ṣe lésà náà, kó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kírísítálì tó ń tan tirẹ̀, tó ń gbé e, tó sì ń yí kọ̀rọ̀ láìṣẹ́, jẹ́ ohun tó wuni níbẹ̀. Ní Yunifásítì Hyderabad ní Íńdíà, Rajadurai Chandrasekar àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń lo AFM, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tọ́ ojú nǹkan wò. Ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ni wọ́n fi ń ti kírísítálì kéékèèké lórí gíláàsì, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gé wọn, wọ́n ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n á fi di sákíùtì. Wọ́n á tẹ ọ̀kan sí òrùka, òrùka náà á máa ṣa àwọ̀ tó bá a mu nìkan. Wọ́n á fi ọ̀kan kan ara èkejì, ìmọ́lẹ̀ á pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n á fi èyí tó ń tan àwọ̀ aró ti èyí tó ń tan àwọ̀ ewé, aró á ta ewé jí, àmọ́ ewé kò lè ta aró jí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìròyìn á máa gbà. Panče Naumov ní Abu Dhabi àti Hongyu Zhang ní Yunifásítì Jilin ní Ṣáínà fi hàn pé àwọn kan lára kírísítálì yìí ṣì ń tẹ̀ nínú náítírójìn olómi, ní nǹkan bí 196 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òdo, níbi tí rọ́bà ti ń fọ́ bí àwo.

Àmọ́ n kò ní tan ọ́ jẹ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ tò àwọn sákíùtì yìí, ṣíípù sì jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹni tó lè fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Káfúrà tí mo ní kó o fi sọ́kàn ńkọ́? Bó o bá fi í sínú àpótí aṣọ, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó ti pòórá. Okùn tó so irú mólékù bẹ́ẹ̀ pọ̀ kò lágbára, ohun tó jẹ́ kó lè tẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ fara da ooru. Ọ̀pọ̀ wọn lágbára ju káfúrà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n inú ṣíípù kì í ṣe ibi tútù. UV tó ń mú wọn tàn, pẹ̀lú ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ń ba mólékù wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lésà tó ń ta kírísítálì jí tún máa ń tóbi ju sákíùtì náà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, bí ẹni gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá wá kó lè tan gílóòbù kan. Fífi iná mọ̀nàmọ́ná tààrà ta á jí ṣì le púpọ̀. Ní 2023, àwọn kan ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland rí ọ̀nà gbà: wọ́n kọ́kọ́ fi iná tan OLED, irú iná fẹ́lẹ́ tó wà lójú àwọn fóònù kan, wọ́n wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ OLED ta lésà ọ̀gáníìkì, ìyẹn lésà tí wọ́n fi mólékù kábọ́ọ̀nù ṣe, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jí. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ìpele ike fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe lésà náà, kì í ṣe kírísítálì tó ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n fi owó mi lé ibì kan, orí ẹ̀rọ tó ń fura ni mo máa fi lé, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà: nǹkan pẹlẹbẹ tí a lè lẹ̀ mọ́ awọ ara tàbí mọ́ irin afárá, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á yí padà tó bá ti tẹ̀.

Nítorí náà, má pa iṣẹ́ rẹ tì. Tó bá wù ọ́ láti sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́místrì tàbí físíìsì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ni ní méjèèjì ní Akọka àti ní Yábàá, níbi tó ò ń kọjá lójoojúmọ́. Ohun kan sì wà lọ́wọ́ rẹ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mi ṣiṣẹ́ kò ní. O mọ bí a ṣe ń gé ẹnu fáíbà kó dọ́gba, o mọ bí a ṣe ń mú ẹnu méjì tí kò tó irun kọjú síra, o sì mọ ohun tí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀. Mímú fáíbà kọjú sí ṣíípù lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní ṣòfò jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń gba àkókò àti owó jù nínú iṣẹ́ sákíùtì ìmọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ sílíkónì ni wọ́n lò tàbí kírísítálì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ́n ti rìn jìnnà lójú ọ̀nà náà.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má bá a jiyàn. Ra rúlà oníke tí mo wí yẹn àti tọ́ọ̀ṣì UV kékeré, má ṣe tan tọ́ọ̀ṣì náà sójú ẹnikẹ́ni. Tan án sí orí kan rúlà nínú òkùnkùn, kí ọ̀gá rẹ wo bí etí kejì ṣe mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá fi bílẹ́ẹ̀dì ha àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó o ha yẹn á tàn, bí pupa ṣe ń tàn níbi tí fáíbà yín ti bà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èmi náà ṣe ń mọ̀ lábẹ́ maikirosíkópù pé kírísítálì mi ti ní àpá, kó tó dá.